Ẹ kọ ìtàn ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Yorùbá ní Èkó

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ èdè Yorùbá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Èkó,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ kú ìnáwó lórí ìwé, ẹ kú àfaradà àìsí iná.

Òǹtẹ̀wé ni mí ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ ohun tí mò ń wí: ariwo ẹ̀rọ láti òwúrọ̀, òórùn íńkì, bébà lọ́tùn-ún lósì, ọmọ iṣẹ́ tó ru ìwé tó ga ju orí rẹ̀ lọ tó sì ń sáré gba àárín ọkọ̀ kọjá. Ìwé ìpè ìgbéyàwó là ń tẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìwé ìtàn ìdílé. Nínú kàlẹ́ńdà àti ìwé ìtàn ìdílé, ó ṣọ̀wọ́n kí n má rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Orúkọ ìlú wa jáde láti inú..." Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ló mú mi kọ lẹ́tà yìí sí yín, mo sì kọ ọ́ sí gbangba kí àwọn tó ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá fún mi lè bá wa dá sí i.

Ẹ wo Ìkẹjà. Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ wá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúkọ Ìkẹjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá rárá, pé àwọn òyìnbó ló ṣa lẹ́tà jọ láti ara Ikorodu And Epe Joint Administration. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní ta ni kò mọ̀ ọ́n, ó na fóònù sí mi. Mo ní, ọ̀gá, Ìkòròdú wà lápá ibí, Ẹ̀pẹ́ wà lọ́hùn-ún pátápátá, Ìkẹjà kò sí láàárín àwọn méjèèjì. Kí ló máa mú ìjọba fi orúkọ ìlú méjì sọ ìlú kẹta tó jẹ́ ti àwọn Àwórì? Ìwé ìjọba wo ló wà níbẹ̀, ọdún wo? Mo tún sọ fún un pé àwọn Àwórì ní òrìṣà kan ní Ọ̀tà tó ń jẹ́ Akéjà, pé òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìtàn ibẹ̀ ń tọ́ka sí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní owó òun ni, kí n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Kàlẹ́ńdà yẹn wà lára ògiri káàkiri báyìí, ọmọ tó ń dàgbà nínú ilé yẹn á sì kà á lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko.

Oníbàárà mi kì í ṣe òpùrọ́. Ebi ìtàn ló ń pa á, ohun tó bá nílẹ̀ ló jẹ. Ẹ̀yin tí oúnjẹ gidi wà lọ́wọ́ yín ni ẹ tì í mọ́lé.

Mo mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ yín, nítorí pé èmi ni mò ń dì í. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, èèpo líle, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà lójú rẹ̀. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ lọ́wọ́, mo máa ń ṣí ọ̀kan kà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ẹ ń pè ní ọ̀rọ̀ àyálò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ èdè mìíràn, ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tí n kò lè gbàgbé nípa àlùbọ́sà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tí kò tíì gbọ́. Àlùbọ́sà, àlùbáríkà, àlùjánńà, àlàáfíà, Àlàmísì: ẹnu wa ni gbogbo wọn wà lójoojúmọ́, àwọn tó ń já àpò àlùbọ́sà ní Mile 12 kò sì ní ìdí tí wọ́n fi máa bi ara wọn pé kí ni "àl" ń wá níwájú ọ̀rọ̀ márààrún. Èdè Lárúbáwá ni "al" yẹn ti wá. Wọ́n máa ń fi síwájú ọ̀rọ̀ láti fi hàn pé ohun tí a ti mọ̀ ni à ń sọ, ó sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa: al-basal, al-baraka, al-janna, al-afiya, al-khamis. Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró ti ara wọn báyẹn, nítorí náà "ù" wọ àárín "l" àti "b", ó wọ àárín "l" àti "j". Níbi tí fáwẹ̀lì ti wà nílẹ̀ létí wa, "ù" kò ní iṣẹ́ kankan, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ àlàáfíà tí a kì í sọ àlùàfíà. Ti Àlàmísì tún dùn: ohùn ọ̀nà ọ̀fun tó wà níwájú "khamis" kò sí lédè wa, ó já dànù, "l" wá lẹ̀ mọ́ fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e. Hausa ló gbé púpọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá fún wa, albasa ni wọ́n ń pe àlùbọ́sà títí di òní. Àwọn mìíràn gba ọwọ́ àwọn Songhay, ní apá òkè Odò Ọya, kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ kò ju pé kò sí àbá nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹnìkan lè ní ó ṣèèṣì jọra ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí odidi ẹbí ọ̀rọ̀ bá yí padà lọ́nà kan náà, tí àwọn tó gbé e wá sì jẹ́ ẹni tí a mọ̀ pé wọ́n bá wa ṣòwò, tí wọ́n bá wa kírun, ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rí.

Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé sabr tí Lárúbáwá ń wí ni sùúrù wa. Ẹ wá wo Súrùlérè! Láti 1955 ni ìjọba ti ń wó ilé láàárín Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ará ibẹ̀ kọjá afárá lọ síbẹ̀, àwọn ènìyàn yẹn sì nílò sùúrù lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ló wà níwájú orúkọ àdúgbò náà, Yorùbá pọ́ńbélé ló wà lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó lè fi etí mọ ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Bíbélì Yorùbá tó jáde ní pípé ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe iṣẹ́ ńlá lé lórí, kún fún àdúrà, ìwàásù, àlùfáà, àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn onímàle gbé wọ̀lú ni àwọn Kristẹni fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Mo sọ èyí rí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí pásítọ̀ kan wá gba ìwé ìkéde ìsọjí, díẹ̀ ló kù kó gba owó rẹ̀ padà.

Mo ti pe "ìmàle" wàyí, ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ní "ìmọ̀ líle" ni. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ ilẹ̀ Mali ni, pé láti ọ̀nà ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà tó kọ́kọ́ mú ẹ̀sìn náà wá ti wá, orúkọ ilẹ̀ wọn sì di orúkọ ẹ̀sìn wọn lẹ́nu wa. Èmi gba ti Mali. Kí "ìmọ̀ líle" tó di "ìmàle", "ọ̀" ní láti di "à", odidi sílébù "lí" ní láti pòórá pẹ̀lú ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀, a kò sì rí ibòmíràn tí èdè wa ti máa ń ṣe méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ "ìmọ̀ líle" nù. Ó ń sọ bí ẹ̀sìn náà ṣe rí lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ láìlóye rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí àyè tirẹ̀, kí ẹ pè é ní ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn fún un. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ó gbapò ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Orúkọ ìlú yìí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lagos kò le púpọ̀. Àwọn Pọtogí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "lago" ni wọ́n ń pe adágún omi, orúkọ Rui de Sequeira, arìnrìn-àjò ojú omi wọn, ni wọ́n sì máa ń dá tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa 1472, ọdún tí wọ́n ní ó dé ibí. Bóyá ọ̀sà ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ orúkọ náà, bóyá ìlú Lagos tó wà ní gúúsù Pọ́túgà ni wọ́n rántí, ẹ̀yin ẹ bá ara yín jà á. Èkó gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀dó ní àgọ́ ni "eko" lédè àwọn, àgọ́ ogun. Ìtàn ìdílé ọba Èkó kò sì fi okùn tó so wọ́n mọ́ Benin pamọ́. Àwọn kan ní rárá, "oko" ni, oko Àrómirẹ́, ìjòyè Àwórì àtijọ́ kan. Kò burú. Ẹ wá bá mi ṣàlàyé Èkó-Ẹndẹ àti Èkó-Àjàlá, tí wọ́n wà lẹ́bàá Ìkìrun, jìnnà sí ọ̀sà, jìnnà sí oko Àrómirẹ́. Ṣé àgọ́ ogun ló wà níbẹ̀ náà ni? Àbí ọ̀rọ̀ Yorùbá àtijọ́ kan ni, tó ti kú lẹ́nu wa, tó kù sára orúkọ ìlú nìkan? Mo ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń jiyàn lórí Èkó ní ìbéèrè yìí, wọ́n máa ń dákẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn Èkó gbọ́dọ̀ sọ ti Ìkìrun mọ́ ọn.

Ẹ̀rí ti Ẹ̀dó kò sì mọ síbi Èkó. Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Ìdúnṣàgbé, Ìga Ìdúngànràn tí ọba ń gbé: "idunmwun" ni Ẹ̀dó ń pe àdúgbò títí di òní. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìdúmọ̀tà láti ra ọjà ti sọ Ẹ̀dó kó tó dúnàá dúrà. Kò sí ẹni tó tíì gbé irú èyí wá fún mi kí n tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà.

Kí ẹ tó lọ sí òkèèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ rìn dé Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, àdúgbò àwọn tí ìran wọn ti Bùràsíìlì bọ̀. Ní Gúdù Fúráídè, ilé tí wọ́n bá ti ń ṣe àṣà náà níbẹ̀, ẹ ó bá frejon lórí iná: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá da omi àgbọn sí, tí wọ́n ń rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, tí wọ́n á wá fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́. Feijão ni Pọtogí ń pe ẹ̀wà. Àwọn baba ńlá wọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé ló gbé e dé. Àmọ́ níbo ni "r" ti wọ inú rẹ̀? Kò sí "r" nínú feijão. Ìbéèrè kékeré nìyẹn lójú ẹni tó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dáhùn rẹ̀ dáadáa máa sọ fún wa bí ìran àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí Èkó ṣe ń pe èdè tí àwọn òbí wọn gbé bọ̀. Àwọn ìyá tó lè pe ọ̀rọ̀ náà bí ìyá wọn ṣe ń pè é ṣì wà láàyè, ẹ lè fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni káréta tó máa ń jáde ní àdúgbò yẹn. Careta ni Pọtogí ń pe agọ̀ ojú. Ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsíìlì lọ́hùn-ún, acarajé ni wọ́n ń dín lẹ́bàá títì, àkàrà wa sì ni. Ọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ bọ̀, kò sí ẹni tó bá wa kọ ọjọ́ tó lọ àti ọjọ́ tó dé.

Ọjọ́ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kadà. Gbogbo wa tí a ti dàgbà díẹ̀ mọ̀ pé ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó ló ń jẹ́ Okada, pé olówó ibẹ̀ kan fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú rẹ̀, pé àwọn ènìyàn wá ń fi alùpùpù ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní ọ̀kadà nítorí pé ó ń fò gba àárín gó-síló kọjá. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà ti kógbá wọlé tipẹ́, alùpùpù ṣì ń jẹ́ ọ̀kadà, ọmọ ogún ọdún kò sì gbọ́ ti ọkọ̀ òfurufú rí. Tí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí pẹ̀lú ẹ̀rí, ọmọ ọmọ wa á jókòó níwájú òǹtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, á ní, "Ó ká ọ̀dà ni. Nígbà àtijọ́, ọ̀dà ni wọ́n máa ń ká lórí rẹ̀." Òǹtẹ̀wé náà á sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá wò ó, àwọn mìíràn ti ṣe iṣẹ́ yìí fún wa lápá kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kéde ọ̀rọ̀ 29 láti inú Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Nàìjíríà. Dànfó wà níbẹ̀, ọ̀kadà wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ wà níbẹ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó tún ta mí lára. Báwo ni dànfó ṣe ní ìwé ìbí ní Oxford kó tó ní in ní Ọbáléńdé? Ọ̀nà tí àwọn yẹn sì gbà ṣe é kì í ṣe awo. Ní 1879, James Murray tó jẹ́ olóòtú wọn kọ̀wé sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n máa ka ìwé, kí wọ́n máa kọ gbólóhùn tí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀ sórí bébà kékeré pẹ̀lú orúkọ ìwé àti ọdún rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Olùkọ́ fi ránṣẹ́, àlùfáà fi ránṣẹ́, ẹni tí wọ́n tì mọ́ ilé ìtọ́jú alárùn-ọpọlọ pàápàá fi ránṣẹ́. Títí di 1928 ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó pé. Àwọn ọmọ Èkó náà lè ṣe irú rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ wa.

Ìwé tí a máa kà kò sì wọ́n. Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó tún un ṣe ní 1852. Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ṣe tirẹ̀ ní 1858. Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ìwé atúmọ̀ èdè tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, tẹ̀ ní Èkó jáde ní 1913, ti Abraham, onímọ̀ èdè ará Gẹ̀ẹ́sì, ní 1958. Láàárín wọn ni àwọn ìwé ìròyìn Èkó ọdún 1920 sókè wà, Èkó Akéte, Akéde Èkó, tí wọ́n kún fún ìpolówó ọjà, ẹjọ́ kóòtù, òkú ọlọ́lá àti èébú. Inú irú èyí ni ọ̀rọ̀ tuntun máa ń kọ́kọ́ jẹ yọ, kì í ṣe inú ìwé ewì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí tọ́rọ́, kọ́bọ̀, bíríkìlà àti mọ́tò di Yorùbá, kó lọ ka ìpolówó.

Àwọn tó ń fa gbogbo ọ̀rọ̀ wa lọ sí Íjíbítì tàbí Ísírẹ́lì lórí fídíò, ọ̀rọ̀ wọn kò pẹ́ lẹ́nu mi. Kì í ṣe àwọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àlùfáà Áńgílíkà kan ní Èkó ti tẹ odidi ìwé jáde lórí ti Íjíbítì ní 1948, àwọn onímọ̀ sì ti sọ ohun tó ṣàìdáa nínú ọ̀nà tó gbà: ó jọ ọ́ kò túmọ̀ sí pé òun ni ó bí i. "Bad" tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí wà lédè Páṣíà pẹ̀lú ìtumọ̀ kan náà, kò sì sí àjọbí kankan láàárín àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó ọkọ̀ dé Íjíbítì, kó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Igala àti Ìtsẹkírì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá wa nínú èdè. Omi ṣì ń jẹ́ omi lọ́dọ̀ Igala.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí nìyí: ìwé ìtàn ọ̀rọ̀ kan, tó máa wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, tó máa sọ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, èdè tó ti wá tó bá jẹ́ àyálò, ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀, àti bí ọkàn yín ṣe balẹ̀ tó lórí ìdájọ́ yín. Ibi tí kò bá dájú, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dájú. Oníbàárà mi máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó kàn ṣọ̀wọ́n kó rí i ni. Ẹ má dúró kí gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àdúgbò Èkó, torí òun ni wọ́n ń jà lé lórí jù. Láti 2018 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé-ìwé. Olùkọ́ tí ọmọ bá béèrè ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ kó rí nǹkan gidi mú.

Kí ẹ sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Fáìlì tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, àmì á ti di àpótí kéékèèké kí n tó ṣí i, tàbí kó má sí rárá. Ìkọsílẹ̀ tí kò péye máa ń bí ìtàn èké. "T" méjì tó wà nínú Ebute Metta, ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ ni, bíi ti Offa àti Iddo, kò sí ẹni tó ń fi ẹnu pè é. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Metta ló ni èbúté náà. Ó tilẹ̀ mọ orúkọ ọkọ rẹ̀.

Èmi náà máa dá nǹkan. Tí ẹ bá ṣe fọ́ọ̀mù kékeré kan, bíi ti Murray, tó ní àyè fún ọ̀rọ̀, gbólóhùn, ibi tí a ti rí i, ọdún àti orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, màá tẹ ìpele àkọ́kọ́ láìgba owó iṣẹ́, kí ẹ ṣáà ti mú bébà wá. A lè kó o sí ọjà Òyìngbò, sí ilé-ìwé, sí ààfin, sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti bá àwọn òǹtẹ̀wé mélòó kan ní òpópónà wa sọ ọ́, wọ́n ní àwọn á máa fi ọ̀kan há inú ìwé tí oníbàárà bá wá gbà. Ẹ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ní PDF, kì í ṣe Word, kí àwọn àmì orí àti ìsàlẹ̀ má baà ṣí kúrò lójú ọ̀nà. Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta la ń ṣí. Tí ẹ bá wá lọ́sàn-án, tí iná kò sí, ẹ ó bá mi níta.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìwé,
Òǹtẹ̀wé kan ní Ṣómólú